Kò Sẹ́ni Tó Rán Mi sí Èdè Mon

Gbogbo Ààwẹ̀ ọdún tí mo gboyè ọ̀mọ̀wé ni bàbá mi fi yàn mí lódì. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, fúláàtì káńsù ní Peckham, nílùú òyìnbó, ni wọ́n sì ti tọ́ mi dàgbà. Wọ́n rò pé lọ́yà ni mo máa dà. Èdè àwọn Mon ni mo lọ kọ́, àwọn èèyàn tó wà ní Burma àti Thailand, tí èdè wọn bá ti Vietnam àti ti Cambodia tan. Austroasiatic là ń pe ìdílé èdè náà.

Nígbà tí à ń ṣínu lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní, "Ta ló rán ẹ sí wọn? Yorùbá ẹnu ẹ gan-an, bí òyìnbó lo ṣe ń sọ ọ́. O fi tilé sílẹ̀, ò ń tọ́jú ti ẹlòmíì."

Mo ní, "Daddy, iṣẹ́ ni mò ń ṣe, mi ò dẹ́ṣẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, wọ́n á gbé dàbínù síwájú mi, wọn ò ní wojú mi.

Wọn ò jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó fà mí síbẹ̀. Lédè Mon, ọ̀rọ̀ méjì lè jọra délẹ̀, kí ohùn ọ̀kan mọ́ gaara, kí ti èkejì máa jáde pẹ̀lú èémí, bíi ti ẹni tó ń mí kanlẹ̀. Mo jókòó ti àwọn ìyá àgbà lábúlé wọn títí etí mi fi gbọ́ ìyàtọ̀ náà.

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, yunifásítì kan pè mí fún intafíù iṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó ti ń kọ̀wé lórí èdè Mon tipẹ́. Kò bi mí nípa iṣẹ́ mi rárá.

Ó ní, "Kí ló dé tí o ò ṣiṣẹ́ lórí èdè tiyín? Ibẹ̀ la ti nílò irú yín."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé àwọn Mon ló bí ẹ?"

Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ, kò sì ní "ẹ̀yin" tí mo lè fi bọ̀wọ̀ fún un, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ojú ẹ̀ pọ́n. Ẹni tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí ni wọ́n fún níṣẹ́.

Nígbà tí mo sọ ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n náà wí nílé, bàbá mi pa tẹlifísàn. Wọ́n ní kí n tún un sọ.

"Daddy, ohun tẹ́yin náà sọ fún mi nìyẹn."

"Èmi lè sọ ọ́. Èmi ni mo bí ẹ. Òun, kí ló kàn án?"

Mo ní kò síyàtọ̀ létí mi. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n fi agbára pa ilẹ̀kùn dé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo ríṣẹ́ ní yunifásítì mìíràn. Bàbá mi ò kí mi kú oríire. Wọ́n sọ fáwọn ọ̀rẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí pé tíṣà ni mí, wọn ò sọ ohun tí mò ń kọ́ni.

Èmi àti ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn ṣì máa ń pàdé níbi àpérò àwọn onímọ̀ èdè. Lọ́dún tó kọjá, mo sọ̀rọ̀ tán, ó wá nawọ́ sí mi, ó ní iṣẹ́ mi gún régé. Mo wo ọwọ́ náà. Mo ní mo ti gbọ́, mo sì kọjú sí obìnrin kan tó fẹ́ bi mí ní ìbéèrè.