Báàgì Tí N Kò Fẹ́ Rà ní Erunmu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi ní Ajibode. Láti aago mẹ́ta ni mo ti jí, kì í ṣe nítorí pé ọ̀nà jìn, àyà mi ló ń já, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí kan ló pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní ọjọ́ Ajé. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti parí ìsìnlú, ìpè àkọ́kọ́ sì nìyí. Kóòtù ni mo nílò. Ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Bódìjà, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta náírà ni wọ́n pe èyí tó wù mí. Ẹgbẹ̀rún méjìlá ni gbogbo ohun tí mo lè ná.

Bùnmi, tí a jọ ń gbé ilé kan náà, ló sọ fún mi pé ní ọjọ́ ọjà Erunmu, ìyá kan máa ń tú bẹ́ẹ̀lì níbẹ̀, ìyẹn ìdì òkìríkà ńlá tí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ dì pinpin láti òkè òkun. Ó ní aṣọ àwọn aránṣọ olórúkọ máa ń wà nínú rẹ̀.

Ọ̀kadà gbé mi dé Òjóò ní irínwó náírà. Bọ́ọ̀sì gbé mi dé Ìwó Ròòdù ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, òmíràn gbé mi dé Ẹ̀gbẹ́dá ní ẹgbẹ̀rin. Ibẹ̀ ni mo ti gun ọ̀kadà mìíràn.

"Òkìríkà lẹ ń bá lọ," ọlọ́kadà náà sọ láìwẹ̀yìn.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀?"

"Àpò òfìfo lẹ gbé. Ẹni tó ń lọ ra ẹ̀gẹ́ á gbé apẹ̀rẹ̀."

Oko ẹ̀gẹ́ wà lọ́tùn-ún, oko ẹ̀gẹ́ wà lósì, eruku pupa sì bo bàtà mi. Nígbà tí a dé, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Ní Ajibode, ọ̀rá ni wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀kọ. Ewé ni wọ́n fi pọ́n ti Erunmu, òórùn ewé náà sì wà lára rẹ̀. Lórí tábìlì kan, mo rí ìpara ojú tí wọ́n ń tà ní ìdajì iye tó jẹ́ ní Bódìjà. Mo yí ìdí rẹ̀ wò, wọ́n ti fi abẹ ha ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kúrò. Mo gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọjà kì í dẹ́rù bà mí. Ènìyàn ló máa ń dẹ́rù bà mí.

Ìyá Rọ́fíà, oníbẹ́ẹ̀lì, ṣe bísímílááì, ó sì gé irin ìdì rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, kóòtù aláwọ̀ aró kan wà lórí ìṣó, tí ó kù nínú ọjà tó kọjá, wọ́n sì kọ iye rẹ̀ sí i lára: ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ọkàn mi fò lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti kọ́ mi pé ènìyàn kì í kọ́kọ́ ná ohun tó wù ú, kí ọlọ́jà má baà mọ̀. Nítorí náà, nígbà tí Ìyá Rọ́fíà fa báàgì aláwọ kan yọ tí ó pè é ní ogún ẹgbẹ̀rún, mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, kí ó lè kọ̀, kí n wá yí sí kóòtù.

"Gbé e," ó ní. "Owó àkọ́tà mi dà?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ má bínú Mà, mò ń fi ṣeré ni."

Gbogbo ọwọ́ àwọn oníbàárà tó wà nínú bẹ́ẹ̀lì dúró. Ìyá àgbàlagbà kan wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. "Ọmọ mi, ẹni tó bá ná ọjà àkọ́kọ́, tí wọ́n gbà fún un, tí kò rà á, ó ti ba ọjà ọjọ́ náà jẹ́ nìyẹn."

Mo ṣàlàyé. Mo sọ ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, mo sọ ti kóòtù, mo sọ bí oorun ṣe dá lójú mi. Ìyá Rọ́fíà gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"O ti sọ tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni Mà."

"Owó mi dà?"

Mo san án. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló kù sí mi lọ́wọ́, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó gba báàgì padà, kí n fi owó rẹ̀ ra kóòtù.

"Ọjà àkọ́tà kì í padà sórí àtẹ. Ṣùgbọ́n tìrẹ ti ni, tà á fún ẹni tó bá wù ọ́, kó ṣáà má jẹ́ níwájú mi. Mo máa bá ọ gbé kóòtù yẹn pamọ́ títí wọ́n á fi pe ìrun ọ̀sán."

Mo lọ dúró lábẹ́ igi ní ibùdókọ̀. Ohùn mi ń gbọ̀n. Mo fi báàgì náà lọ èèyàn méjì, wọ́n kọjá lọ. Ẹnì kẹta jẹ́ nọ́ọ̀sì, aṣọ iṣẹ́ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó fọwọ́ kan báàgì náà. "Ayédèrú ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú, nítorí mo mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣí i. Mo fi hàn án pé okùn rírán rẹ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé orúkọ tó wà lára síìpù bá ti ìta mu, pé nọ́ńbà wà lára ègé awọ kékeré nínú rẹ̀. "Ẹ gbóòórùn rẹ̀ Mà. Ike kì í rùn báyìí."

Ó gbóòórùn rẹ̀. "Ṣé iṣẹ́ rẹ nìyí?"

"Rárá Mà. Mo ṣì ń wá iṣẹ́ ni."

Ó san ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá. Ìgbà tí mo ń ká owó náà pọ̀ ni mo tó ṣàkíyèsí pé ohùn mi ti dẹ́kun gbígbọ̀n, n kò sì mọ ìgbà tó dáwọ́ dúró.

Mo sáré padà. Ìyá Rọ́fíà bi mí ní iye tí mo tà á, mo sì sọ òtítọ́. Ó fa kóòtù yọ lábẹ́ ìjókòó rẹ̀, ojú rẹ̀ le. "Ó ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún."

Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó ọwọ́ mi.

"Gbà á ní mẹ́wàá," ó ní. "Mò ń fi ṣeré ni."

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé Ajibode. Bùnmi ní kí n wọ̀ ọ́ wò. Apá kóòtù náà gùn díẹ̀, Bùnmi sì bá mi ṣẹ́ ẹ sínú. Ó bi mí bóyá àyà mi ṣì ń já nítorí ọjọ́ Ajé. Mo ní ó ń já. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá sọ fún mi níbẹ̀ pé ayédèrú ni mí, mo ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí báàgì fi inú rẹ̀ hàn.