Sàréè Lọ́yà Hamoonga

Ìròyìn tó kọ́kọ́ jáde ní Kilfarna, ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Ireland, ni pé Lọ́yà Hamoonga ti kú. Kí ọ̀sán tó pọ́n, ìròyìn ti yí padà: wọ́n ní kò kú, ó kàn ń fi ikú dánra wò ni. Wọ́n ní ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ sàréè sí itẹ́ òkú, pé gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń lọ dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú fúláàsì tíì, pé ó sì ti ń bá àwọn òkú tó wà lápá ọ̀tún àti òsì rẹ̀ ro ẹjọ́. Dympna, ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì, epo ọkọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, búra pé òkú kan tó ti wà nílẹ̀ láti ayé ìyá-ìyá òun ti pe àbúrò rẹ̀ lẹ́jọ́ nítorí ààlà ilẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ní Kilfarna, ẹni tó bá ń wádìí ìròyìn ni kò fẹ́ kí ìlú dùn.

Ìdajì ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ òótọ́.

Monze ni wọ́n bí Mutinta Hamoonga sí, ní ilẹ̀ Zambia, níbi tí àwọn sísítà láti Ireland ti kọ́ ọ ní ìwé, ní àdúrà, àti bí wọ́n ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bú èèyàn. Ẹ̀kọ́ kẹta yìí ló gbé e dé ibi tó dé. Nígbà tó wá ṣe lọ́yà ní Kilfarna, ó háyà yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù alápatà, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa fi orí gbá ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n so rọ̀ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ òfin. Ẹjọ́ tó kọ́kọ́ gbà ni ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ tí màlúù ẹ̀gbọ́n ti jẹ ọgbà àbúrò. Màlúù ti kú, ọmọ màlúù ti kú, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti di ọbẹ̀, ẹjọ́ ṣì wà láàyè. Mutinta jókòó sáàárín àwọn méjèèjì nínú òjò títí wọ́n fi la ẹnu sí ara wọn. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni pé lọ́yà yìí ti wọ́n jù. Láti ọjọ́ náà ni okìkí rẹ̀ ti kàn.

Ó díje fún ipò káńsẹ́lọ̀, ó fìdí rẹmi. Ó ti gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ sí gbogbo òpó iná, ó ti sọ̀rọ̀ nípa títì àti ilé ìwòsàn títí ohùn rẹ̀ fi há. Ìlú gbọ́, wọ́n ní ó gbọ́n, wọ́n dìbò fún ẹlòmíì. Nuala Tuohy, ìyá arúgbó kan tó ń gbé létí odò, ló là á lójú.

"Ọmọ mi, ọ̀dọ̀ àwọn alààyè lo ti ń wá ìbò."

"Ṣé kì í ṣe àwọn ló ń dìbò ni, Mà?"

"Àwọn ló ń dì í, ṣùgbọ́n nídìí òkú ni wọ́n ti ń pinnu ẹ̀. Alága Fachtna Deasy tó o rí yẹn, kò tún títì kan ṣe rí láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kú ní àgbègbè yìí tí kò bọ àwọn èèyàn ẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá kú, lọ tò sórí ìlà àwọn tó ń kẹ́dùn. Bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ní kí wọ́n kú àràfẹ́rakù, jẹ búrẹ́dì wọn, máa lọ."

Wọ́n máa ń sọ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Èyí ríran. Mutinta ra ẹ̀wù dúdú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ó bọ ọwọ́ àgbẹ̀, ó bọ ọwọ́ opó, ó bọ ọwọ́ títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú bí búrẹ́dì tó mu omi. Nígbà tó yá, bí ẹnìkan bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní Kilfarna, aládùúgbò rẹ̀ á ní kó rọra, pé wọ́n ti rí Lọ́yà tó ń lọ ẹ̀wù dúdú rẹ̀. Nígbà ìdìbò kejì, ó wọlé.

Fachtna Deasy, alága káńsù, kí i kú oríire pẹ̀lú ẹ̀rín tó dà bí eyín ríro. Bàbá rẹ̀ ti jẹ alága rí, bàbá bàbá rẹ̀ náà jẹ ẹ́, àga náà sì ti mọ ìdí ìran wọn débi pé bí ẹlòmíì bá jókòó sí i, ó máa ń dún. Gbogbo ìgbà tí Mutinta bá sọ òótọ́ kan ní ìpàdé, Deasy kò ní bá a jiyàn. Á kàn mí kanlẹ̀.

"Káńsẹ́lọ̀ Hamoonga ń gbìyànjú o. Ṣùgbọ́n àtọ̀húnrìnwá ni wọ́n. Wọn ò lẹ́nikẹ́ni nínú ilẹ̀ wa."

Ọ̀rọ̀ sì parí nìyẹn. Ní Kilfarna, o lè gbé ibẹ̀ títí eyín rẹ á fi ká tán. Tí o kò bá ti sin èèyàn kankan sí itẹ́ òkú wọn, àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó padà sílé ni ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan wà tí Nuala fi gun àtẹ̀gùn alápatà náà wá lọ́jọ́ kan. Kò jókòó.

"Wọ́n fẹ́ la títì gba igun itẹ́ òkú," ó ní. "Títì tí àwọn típà á máa gbà lọ síbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta."

Mutinta mọ ibi ìfọ́kùúta náà. Àna Deasy ló ni ín. Ó mọ igun náà pẹ̀lú, ibi koríko lásán kan tí kò sí òkúta kankan tó dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Kí ló wà níbẹ̀, Mà?"

"Àwọn ọmọ. Àwọn tó kú kí wọ́n tó ṣèrìbọmi. Ṣọ́ọ̀ṣì ò gbà wọ́n nígbà náà, bàbá wọn ló ń fi ọwọ́ ara ẹ̀ sin wọ́n. Àbúrò mi ọkùnrin wà níbẹ̀, nínú àpótí bọ́tà. Bàbá mi gbé e sábẹ́ kóòtù, èmi gbé ṣọ́bìrì tẹ̀lé e. Ó ní mi ò gbọdọ̀ sọ, mi ò sì sọ fẹ́nikẹ́ni rí. Ìwọ ni mo kọ́kọ́ sọ fún, torí o ò mọ bàbá mi."

Mutinta dìde kúrò lórí àga rẹ̀. Ó ní Nuala gbọ́dọ̀ wá sọ ọ́ ní káńsù.

"Ilé ta ni mò ń gbé?" ni Nuala fèsì. "Deasy ló nilé. Bí mo bá la ẹnu, ẹrù mi á wà níta kí n tó pa á dé."

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e bẹ̀rẹ̀ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ìbánikẹ́dùn. Gbogbo káńsẹ́lọ̀ ló ń dárúkọ òkú àdúgbò tirẹ̀, ọ̀kan tilẹ̀ bá ìdílé ajá kan kẹ́dùn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ títì dé, Mutinta dìde. Deasy na ìka sókè.

"Òfin kan wà tí bàbá bàbá mi ṣe. Lórí ilẹ̀ òkú, ẹni tó bá ní sàréè níbẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Bí ẹyọ ẹnìkan nínú wọn bá takò ó, ṣọ́bìrì ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀. Bí kò bá sẹ́ni tó takò ó, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sàréè, ẹ lọ rò ó, a ó bèèrè lóṣù tó ń bọ̀." Ó wá yí sí Mutinta. "Ẹ jókòó, Káńsẹ́lọ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ní òkú, ẹ ó ní ẹnu."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Mutinta ò jókòó títí ẹ̀rín fi rẹ̀ wọ́n. Ó wo àwọn tó ní sàréè lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ẹnìkan ń wa típà, ẹnìkan ń retí kí wọ́n da ọ̀dà síwájú ilé òun. Bàtà wọn ni wọ́n ń wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí bàtà láyé.

Ṣùgbọ́n lọ́yà ni lọ́yà ń jẹ́. Ó ń jẹ gbólóhùn náà lẹ́nu lọ sílé bí ẹni ń jẹ eegun. Deasy sọ pé sàréè. Kò sọ pé òkú gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wà níwájú Fádà Malachy, tí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń jò.

"Sàréè? Ta ló kú?"

"Kò tíì sẹ́ni tó kú, Fádà."

"Ta ló wá fẹ́ kú?"

"Gbogbo wa ni, bẹ́ ẹ ṣe máa ń wí fún wa lọ́jọ́ Ìsinmi."

Fádà wo inú garawa tí omi òjò ń kán sí. Ó tà á fún un, lẹ́bàá igun àwọn ọmọ gan-an, níbi tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́.

Colman tó ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ìjọ pàdé rẹ̀ níbẹ̀ lẹ́yìn ìsìn láti fi ibẹ̀ hàn án, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé okùn tó fi ń wọn ilẹ̀ sílé.

"Lọ́yà, ẹ dùbúlẹ̀ ká rí bẹ́ ẹ ṣe gùn tó."

Mutinta tẹ́ kóòtù sórí koríko, ó dùbúlẹ̀ gbalaja. Colman bu tíì sínú ìdérí fúláàsì rẹ̀, ó rìn yí i ká bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin.

"Ó bá yín mu?"

"Ó fún mi díẹ̀ léjìká."

"Kò sẹ́ni tó tíì padà wá ṣàròyé."

Ó bu tíì fún Mutinta náà. Lẹ́yìn ògiri, ọrùn Dympna ti gùn bíi ti lékeléke. Ìdajì tó jẹ́ òótọ́ nìyẹn. Ìdajì tó kù, ẹ bi Dympna.

Kò pẹ́ tí Deasy fi gbọ́. Lọ́jọ́ ìpàdé, àwọn awakọ̀ típà dúró sẹ́nu ọ̀nà káńsù, apá wọn ká mọ́ àyà. Ọ̀kan nínú wọn sún mọ́ Mutinta.

"Lọ́yà, tẹ́ ẹ bá la ẹnu yẹn lónìí, ẹ ò ní rí ìbò wa mọ́ láéláé."

"Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ síbì kan," ó ní. "Bí ìbínú yín bá tutù, màá wá gbà á."

Ó wọlé. Èrò kún dẹ́nu ọ̀nà, Nuala wà lẹ́yìn pátápátá, ó fi gèlè bo orí. Deasy dìde láti bá àwọn olókùú kẹ́dùn, ó fojú wá Mutinta.

"Mo tún fẹ́ bá ìlú kẹ́dùn lórí Káńsẹ́lọ̀ Hamoonga, tí a gbọ́ pé wọ́n ti ń gbé inú sàréè."

Ẹ̀rín gba ilé. Kí ẹ̀rín náà tó rọlẹ̀, ó ti ń sáré ọ̀rọ̀: "Ẹ̀yin-tẹ́-ẹ-ní-sàréè-ṣé-ẹnikẹ́ni-takò-títì-náà-kò-sí, akọ̀wé, kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó takò."

Akọ̀wé ti kọ ọ́. Mutinta ti wà lórí ìdúró.

"Ẹ jókòó, Káńsẹ́lọ̀! Ẹ ò ní ẹnikẹ́ni nínú ilẹ̀ wa!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alága. Ilẹ̀ gan-an ni mo ní."

"Sàréè tí kò sí òkú nínú ẹ̀, kòtò lásán ni!"

"Tiyín tẹ́ ẹ ti rà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá yín ńkọ́? Ṣé ẹ ti wọ inú ẹ̀ ni? Bí ẹ bá ti wọ̀ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wá jókòó sórí àga yẹn?"

Ẹ̀rín tún bú, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibòmíì ló gbà lọ́tẹ̀ yìí. Ojú Deasy pọ́n.

"Òfin sọ pé..."

"Òfin bàbá bàbá yín sọ pé ẹni tó bá ní sàréè ló lẹ́nu. Kò sọ pé kó kọ́kọ́ kú. Ẹ pe Fádà, ẹ bi í bóyá mo rà á. Ẹ pe Colman, ẹ bi í bóyá ó bá mi mu." Ó yí sí akọ̀wé, ohùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́ bíi ti sísítà. "Akọ̀wé, ohun tẹ́ ẹ kọ yẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹ fa ìlà sí i. Ẹ kọ ọ́ pé ẹnìkan takò ó. Ẹ kọ ọ́ pé Mutinta Hamoonga ni, ará Kilfarna, tí ilẹ̀ ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọmọ yẹn, tí kò sì ní í kúrò níbẹ̀, láàyè o, lókùú o. Ó yá, ẹ kà á sókè, kí àwọn tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́."