Ohùn Mi Létí Pápá Pẹtáńkì

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ní àdúgbò Treichville, ní pápá kan tí wọ́n ti ń ṣe pẹtáńkì, eré jíju bọ́ọ̀lù irin. Àwa mẹ́ta la jókòó sídìí tábìlì: èmi, ọ̀gá ètò eré ìdárayá ní rédíò àdúgbò wa, àti obìnrin tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. Àṣekágbá ìdíje ni. Mo ti gba ife yẹn lẹ́ẹ̀mẹta rí kí orúnkún mi tó kọ̀.

Ọ̀gá ti sọ fún mi pé bí mo bá ròyìn eré náà dáadáa lórí rédíò, ètò Yorùbá ti ọjọ́ Àìkú di tèmi. Mo fẹ́ ẹ ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, ọjọ́ Àìkú kì í fẹ́ parí nínú ilé. Mo máa ń dìde, mo máa ń jókòó, mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò kàn.

Nínú pẹtáńkì, bí ẹnìkan bá ti wọ inú àmì róbótó tí wọ́n fà sílẹ̀, tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù irin rẹ̀, gbogbo ènìyàn á dákẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dákẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ wọ àmì, mo dákẹ́ pẹ̀lú míkírò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn, lọ́wọ́.

Ọ̀gá fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. "Alàgbà, ẹ sọ̀rọ̀."

"Ó fẹ́ jù ú."

"Àwọn tó ń gbọ́ wa l'Adjamé ò rí i."

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó pè mí bí wọ́n ṣe ń fi èdè Faransé pe àgbà níbẹ̀. "Tọ́ntọ́n, wọ́n á rò pé iná ti lọ ni."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá ti wọ àmì, ohùn mi á tún wọlẹ̀. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀gá na ọwọ́ sí míkírò. "Bí ẹ bá tún dákẹ́, màá gbà á."

Ayò di méjìlá sí méjìlá; ẹgbẹ́ tó bá kọ́kọ́ ní mẹ́tàlá ló gba ife. Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn wà lọ́wọ́ ọkùnrin tí a jọ ń ṣe eré yìí tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé èmi ni mo kọ́ ọ. Ó wọ àmì. Kò jìnnà sí wa. Mo la ẹnu. Mo sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, bó ṣe ń yí bọ́ọ̀lù lọ́wọ́, àti bọ́ọ̀lù alátakò tó gbọ́dọ̀ bà. Ó gbójú sókè, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ kọjá.

Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù. Ọ̀gá bọ̀ mí lọ́wọ́. "Ó ti di tiyín."

Ọkùnrin náà dé ọ̀dọ̀ wa, ó ń nu bọ́ọ̀lù rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ gbá mi létí nígbà kan torí pé mo wúkọ́ nígbà tí ẹlòmíràn fẹ́ ju bọ́ọ̀lù."

N kò mọ̀ bóyá ohùn mi ló fà á tó fi tàsé. N kò bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Plateau, mo padà sí pápá. Mo fa àmì sílẹ̀, mo fi fóònù sínú rẹ̀ kó máa gba ohùn sílẹ̀. Mo dúró níbi tí tábìlì wà, mo sọ̀rọ̀, mo lọ gbọ́ ọ. Mo sún sẹ́yìn, mo tún sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ìdí ògiri, fóònù kò gbé ohùn mi mọ́, ṣùgbọ́n n kò rí àmì náà dáadáa. Mo kọ̀wé sí ọ̀gá pé ibẹ̀ ni kí wọ́n gbé tábìlì sí, kí wọ́n wá àga gíga fún mi kí n lè máa rí àmì láti ibẹ̀. Ìwé kíkọ náà gbà mí lákòókò, torí mo ti dàgbà kí n tó kọ́ ìwé.