Fọ́tò Ìbejì Tí A Yà ní Òkukù

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ìkìrun, fọ́tò yíyà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ṣe bí ẹni ń mumi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi á rántí. Wọ́n á di irun wa, wọ́n á fi ìpara pa ẹsẹ̀ wa títí á fi máa dán, ayàwòrán á sì wá pàṣẹ pé ká má rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo fọ́tò èwe mi, ńṣe ni mo dà bí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà tán. Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé nígbà mìíràn, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà mí tán ni.

Àwa mẹ́ta la jọ máa ń yà á: èmi, Wùmí àti Táyé. Kànga kan náà la ti ń pọnmi, ilé ìwé kan náà la ń lọ. Bí Kérésì bá ti ń bọ̀, a ó mú ohun kan tí a ó jọ fi fọ́tò ọdún náà ṣe. Lọ́dún kan, a di nọ́ọ̀sì. Wùmí gé etí aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ láti fi ṣe fìlà fún wa, igbe rẹ̀ lọ́jọ́ náà dé ilé wa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, a da eérú sórí, a tẹ ọ̀pá, a di arúgbó. Ìyá mi àgbà wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ má kánjú. Ọjọ́ ogbó ń bọ̀ fúnra rẹ̀."

Ọdún kẹta ni Táyé ní ìbejì ni ká ṣe. Wùmí ní àwa mẹ́ta la wà, ìbejì ò ṣeé fi mẹ́ta ṣe. Táyé ní kí èmi àti Wùmí wọ aṣọ kan náà. "Èmi ní ìkejì tèmi," ló wí.

Ìbejì ni Táyé lóòótọ́. Ọkùnrin ni Kẹ́hìndé rẹ̀, kò sì tíì rìn tó fi lọ. Àwọn àgbà kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ní ó rìnrìn àjò. Èmi òpè gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, mo máa ń wo ojú àwọn tó ń sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì bóyá Kẹ́hìndé á wà níbẹ̀. Ìyá wọn, tí gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Ìbejì, jẹ́ onígbàgbọ́. Wọn ò gbẹ́ ère fún ọmọ náà bí àwọn ará ìgbàanì, wọn ò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan. Bí wọ́n bá se ẹ̀wà, wọ́n á bu tirẹ̀ sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ rẹ̀, wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tí Táyé ń fẹ́ ni pé kí ìyá òun rí ọmọ wọn méjèèjì pa pọ̀, bó ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀rù sì ń bà wá. A ò mọ̀ bóyá ayọ̀ la fẹ́ gbé lọ bá wọn tàbí ọgbẹ́ la fẹ́ ṣí.

Ayàwòrán àdúgbò wa ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹnì kan ṣoṣo di méjì, ṣùgbọ́n bàbá kan wà ní Òkukù tó ti ń yà á fún àwọn ìyá ìbejì tipẹ́. Bí a ṣe di èrò Òkukù nìyẹn. A sọ nílé pé à ń lọ kọ́ orin Kérésì, a sì kọrin nínú bọ́ọ̀sì kó má baà di irọ́. Inísà wà lójú ọ̀nà, ọjà ibẹ̀ sì ni Ìyá Ìbejì ti ń ta ata gbígbẹ. Bí a ṣe ń súnmọ́ ọjà, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹ orí ba. Ìyá kan tó jókòó tì wá bi wá bóyá èébì ló ń gbé wa.

Òórùn kíkan oògùn tí wọ́n fi ń fọ fọ́tò ló gba inú ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Wọ́n bi Táyé nípa ìkejì rẹ̀, "Ọkùnrin ni àbí obìnrin?" Ó dá wọn lóhùn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Kò ní wọ gáùn nìyẹn." A ti kó bùbá, ṣòkòtò àti fìlà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dání. Èmi àti Wùmí dúró láàárín nínú aṣọ kan náà, Táyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bàbá fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, wọ́n yà á. Táyé lọ pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àwa ò gbọdọ̀ mira. Eṣinṣin kan bà lé imú mi, ó ń rìn kiri bí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ níbẹ̀, mo fara dà á. Táyé jáde, ó lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wùmí ní òdìkejì. Bàbá gbé páálí bo ibi tí wọ́n ti yà, wọ́n tún ya ìdajì tó kù sórí fíìmù kan náà.

Nígbà tí a padà lọ gbà á, ẹ̀yin èèyàn mi, orí mi wú. Ọmọkùnrin kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wùmí. Mo mọ bùbá náà, mo mọ ibi tí epo ti ta sí i lára. Ojú mi ni wọ́n ṣe yà á. Síbẹ̀, n kò mọ ọmọ náà rí. Ojú Táyé ló ní, ṣùgbọ́n kì í ṣe Táyé. Ó ń wò wá bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé. Wùmí wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan dúró tì í. Títí dòní, n kò tíì rí ohun tó yà mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀.

Ìyàlẹ́nu yẹn ni kò jẹ́ ká rántí tẹ orí ba ní Inísà nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé. Bọ́ọ̀sì dúró, Ìyá Ìbejì wọlé pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ata wọn, gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sín. "Ẹ̀yin ọmọ yìí! Níbo lẹ ti ń bọ̀?" Táyé kúnlẹ̀ láàárín ìjókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì na fọ́tò náà sí wọn.

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n fi etí ìró nu ojú rẹ̀, bí ẹni ń nu ojú ọmọ. Mo ń gbàdúrà nínú mi pé kó má jẹ́ pé ọgbẹ́ wọn la ti ṣí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Kẹ́hìndé. O mà ti dàgbà." Omi ń dà lójú wọn, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló dé fìlà fún un báyìí? Bí bàbá rẹ̀ ṣe ń dé e nìyí."

Kọ̀ndọ́kítọ̀ dé, ó ní èèyàn mélòó ni wọ́n fẹ́ sanwó fún.

"Àwa márùn-ún."

"Ìyá, mẹ́rin ni mo rí."

"Márùn-ún ni wá. Gbà."

Ó gbà á. Kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sí àyè tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí a fi dé Ìkìrun.

Lóde òní, àwọn ọmọ wa náà ń ṣe irú tiwa. Lónìí wọ́n á wọ dúdú, lọ́la wọ́n á wọ jíìnsì, kí o tó ṣẹ́jú wọ́n ti ya ogún, wọ́n ti pa èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ rẹ́. Fóònù wọn lè mú ẹni tó wà lókè òkun wọ inú fọ́tò, kò sì ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. N kò bá wọn jà. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú tiwọn, ìyẹn dára. Àánú wọn kàn máa ń ṣe mí díẹ̀ ni, torí n kò rò pé orí wọn ti wú rí.

Ní Kérésì tó kọjá, a pé jọ sílé Ìyá Ìbejì, níbi tí fọ́tò ìjọ́sí ṣì wà lára ògiri. A gbé ìyá jókòó síwájú, àwa mẹ́ta sì tò sẹ́yìn wọn bí a ṣe tò nígbà náà: Táyé, èmi, Wùmí. Ọmọbìnrin mi gbé fóònù sókè. "Ẹ sún mọ́ra o, ẹ̀yin mọ́mì. Àyè ti pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí Wùmí."

Kò sẹ́ni tó sún nínú wa. Ìyá Ìbejì ló dá a lóhùn.

"Yà á bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. A ti pé."