Olè Tó Tún Kọ̀ǹpútà Ìyá Sùúrù Ṣe

Bí èèyàn bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ sùúrù, kó wá wo akọ̀wé tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ń pè ní Ìyá Sùúrù nígbà tó bá ń tan kọ̀ǹpútà rẹ̀. Á tẹ bọ́tìnnì, á gbálẹ̀, á gbàdúrà, á lọ ṣòfófó díẹ̀ ní yàrá kejì, á sì padà wá bá ẹ̀rọ náà níbi tó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ. Páìpù omi ìlú ni ilé-iṣẹ́ wọn ń bójú tó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tẹ ìròyìn páìpù fún Ọ̀gá ní ìparí oṣù, kò sì tíì sí oṣù tí kò pẹ́.

"Ìyá Sùúrù, mo bọ̀wọ̀ fún ọjọ́ orí yín o," ni Ọ̀gá wí. "Ṣùgbọ́n tí ti oṣù yìí bá tún fi lè pẹ́, yàrá ẹrù ìsàlẹ̀ lẹ̀ ń lọ yẹn."

Eku ló ń jọba ní yàrá ẹrù. Ẹni tó bá wọbẹ̀, ó di ìgbà tó bá fẹ̀yìn tì ká tó tún rí i.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni lẹ́tà kan dé sórí kọ̀ǹpútà: "Fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò yín rèé." Ìyá Sùúrù ò ní àbúrò, òun ni àbíkẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ta ló máa gbọ́ pé fọ́tò ìgbéyàwó wà ńlẹ̀ tí kò ní wò ó? Ó ṣí i. Kò bá ìyàwó níbẹ̀, kò bá ọkọ. Ó pòṣé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Láti ọjọ́ náà lara kọ̀ǹpútà ti yá. Kó tó gbọ́wọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì, ó ti tàn. Ìpolówó oògùn inú rírun tó máa ń fò jáde sí i lójú kò yọjú mọ́. Ìyá Sùúrù sọ fún gbogbo ayé pé àdúrà òun ti gbà. Orin ló ń kọ tó fi tẹ ìròyìn náà títí tó fi ku ojú ìwé kan.

Àfi bí Ọ̀gá ṣe mú obìnrin ẹnjiníà kan wọlé láàárọ̀ ọjọ́ tí ìròyìn yẹ kó dé. Kọ̀ǹpútà tí ẹnjiníà gbé dání gan-an ń falẹ̀ bí ìgbín, ìyẹn ò sì ní kó má fọ́nnu. Ó wo inú ẹ̀rọ Ìyá Sùúrù, ó figbe ta.

"Màmá, amí wà níbí! Lẹ́tà kan tẹ́ ẹ ṣí ni wọ́n fi la ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé sínú ẹ̀rọ yín. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ni wọ́n ń kó lọ."

"Kí ló wá dé tó ń yára?"

"Wọ́n ti lé àwọn olè yòókù tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jáde ni, wọ́n tún un ṣe, kó lè rọ àwọn náà lọ́rùn."

"Ẹ wò ó o! Olè ń tún nǹkan ṣe, ẹnjiníà ò yọjú!"

"Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani," ni ẹnjiníà fi dá a lóhùn, ó sì nu inú kọ̀ǹpútà mọ́ tónítóní. Amí lọ. Ìròyìn bá amí lọ.

Ìyá Sùúrù káwọ́ lérí. Ó ti ń gbọ́ ohùn eku. Nígbà tí ẹnjiníà lọ jíhìn fún Ọ̀gá, ó fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni tó bá sì dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ìyá Sùúrù jókòó sídìí ẹ̀rọ ẹnjiníà, ó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ àpótí lẹ́tà rẹ̀, ó wá lẹ́tà ìgbéyàwó yẹn kàn, ó fèsì:

"Ẹ̀yin olè wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Sùúrù ni. Ìròyìn páìpù tẹ́ ẹ kó lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ padà kó tó di ọ̀sán. Ẹ ò ní bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá."

Kò pẹ́, èsì dé. Ó ṣí i. Ìròyìn náà ló pé síbẹ̀, kò dín. Níbi tó ti ṣi orúkọ òpópónà kọ, wọ́n ti tún un ṣe. Wọ́n tiẹ̀ ti bá a tẹ ojú ìwé tó kù.

Ọ̀gá ka ìròyìn náà lọ́sàn-án, ó ní irú ẹ̀ ò dé ilé-iṣẹ́ yìí rí, pé Ìyá Sùúrù ò lọ síbì kankan mọ́.

Ẹnjiníà padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó fọwọ́ kan bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà tají wàì.

"Háà! Kí ló ṣe eléyìí tó fi yá báyìí?"

Ìyá Sùúrù mú ìgbálẹ̀ rẹ̀. "Àdúrà ni, ọmọ mi."