Èkejì Ọmọ Lábẹ́ Igi Ọsàn

Ẹ̀yìnkùlé wa ní Tokpota máa ń ta sánsán bí ewé ọsàn tí wọ́n fọwọ́ ra, pàápàá tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Abẹ́ igi ọsàn yẹn ni mo ti ń ri ibi àwọn ọmọ ilé wa mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí bàbá wa ti kú. Bí obìnrin ilé wa bá ti bímọ, èmi ni wọ́n máa gbé ìkòkò èkejì ọmọ fún. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, kẹ̀kẹ́ ni mò ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi, iṣẹ́ ìkòkò yẹn, kò sẹ́ni tó lè bá mi dù ú.

Àfi ọjọ́ tí ọmọ mi obìnrin bímọ. Ọmọ àbúrò mi, èyí tó ń kàwé ńlá ní Kútọnu, ti wà nílé ìgbẹ̀bí kí n tó dé, pẹ̀lú aṣọ funfun àti àpótí yìnyín. Ibi ọmọ gan-an ló ń kọ́ nípa rẹ̀! Àbúrò mi á máa fi yangàn káàkiri ọjà Ouando, bíi pé òun ló bí gbogbo dókítà ayé. Mo ti ń jowú rẹ̀ tipẹ́. Ọmọ tèmi wá ti gbà fún akẹ́kọ̀ọ́ yìí pé kó gé díẹ̀ nínú ibi náà. Kò bi mí.

Mo gbá ìkòkò mọ́ra. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí wọ́n bá gé e, wọ́n gé lára ọmọ nìyẹn. Èmi tí aláǹgbá lè lé jáde nílé, mo dúró gbọn-in bíi sójà ibodè Kraké.

"Bàbá Tokpota, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Afẹ́fẹ́ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó ti ń yí padà." Ọmọ àbúrò mi ló ń bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀.

"Kí ló fẹ́ dà? Ewúrẹ́?"

Àwọn agbẹ̀bí bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó jókòó tì mí. Ó ní àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó para pọ̀ di ibi ọmọ, àṣẹ wà nínú wọn bí ọ̀rọ̀ inú ìwé. Tí afẹ́fẹ́ bá dín kù, wọ́n á pa ojú ewé kan dé, wọ́n á ṣí òmíràn: wọ́n á rọra dá ìdàgbàsókè dúró, wọ́n á pe iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, kí ọmọ má baà kú. Nígbà míì ó ń gba ọmọ là. Nígbà míì ó ń di àṣejù, ẹ̀jẹ̀ ìyá á ru.

"Ẹ ò rí bí ọmọ yìí ṣe kéré? Ibi yìí ti jà fún un. A fẹ́ mọ ojú ewé tó ṣí."

"Ta ló kọ́ ẹ nírú ọ̀rọ̀ yìí?" Mo ti ń jowú olùkọ́ náà kí n tó gbọ́ orúkọ rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni. Mo kéré nígbà náà, ẹ ní èkejì mi wà lábẹ́ igi ọsàn. Mo bi yín bó ṣe ń mí nínú ikùn. Ẹ ní kí n lọ jẹun."

Mo ṣí ìkòkò. Ó gé ìwọ̀n èékánná, ó sọ ọ́ sínú yìnyín, ó sì bá mi gbé ìyókù délé. Òun ló di ìkòkò mú, èmi gbẹ́ ilẹ̀.

Mo sọ fún àbúrò mi pé èmi ni olùkọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ ní. Ó ní irọ́ ni, ta ló gbin igi ọsàn bí kì í bá ṣe òun? O ò rí ìlara!

Èmi náà ṣì ń jowú, n ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tó bá ti ká mi lára, tí èémí ò délẹ̀ mọ́ láyà mi, mo máa ń rántí pé ojú ewé kan ló kàn ṣí nínú mi, òmíràn ṣì wà tí mo lè ṣí. Màá bọ́ sẹ́yìnkùlé, màá fa òórùn ọsàn símú. Ọmọ tí ọmọ mi bí lọ́jọ́ yẹn ti ń gun igi náà báyìí. Ó ń bi mí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. N kì í ní kó lọ jẹun. Mo máa ń yára dá a lóhùn, kí àbúrò mi má baà tibì kan yọ, kó gba ìdáhùn náà mọ́ mi lẹ́nu.