Bàbá Ará Holland àti Ẹ̀rọ Tó Ń Kàwé

Bàbá ará Holland kan ló ń gbé lókè fúláàtì wa ní Peckham. Ó ti wà ní London láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi ṣì ń já ẹrù ní Surrey Quays, ìyàwó ẹ̀ sì ti kú kí n tó kó débẹ̀. Uncle ni mò ń pè é. Ó ní òun kì í ṣe àbúrò bàbá ẹnikẹ́ni. Mo ní ìyẹn ò kàn mí, àgbàlagbà tó tó báyìí, ta ló fẹ́ kí n máa pè é lórúkọ?

Ìwé kíkà ni ayé ẹ̀. Láàárọ̀, á ka ìròyìn nípa ẹ̀rọ ìgbàlódé. Lọ́sàn-án, á ka ìtàn àròsọ nípa ayé tó ń bọ̀, àwọn róbọ́ọ̀tì àti ìlú abẹ́ òkun. Bí mo bá gbé ọbẹ̀ lọ fún un ní Sátidé, á ti ní ẹjọ́ tó fẹ́ rò. "Wọ́n ní mọ́tò á máa wa ara ẹ̀! Mo ti ka èyí nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Nínú ìwé yẹn, mọ́tò náà kọ̀, kò gbé ọ̀gá ẹ̀ délé." Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn róbọ́ọ̀tì tó ń bá arúgbó ṣeré jáde, ó yínmú, ó bi mí bóyá róbọ́ọ̀tì náà mọ ọbẹ̀ sè. Kì í fi abẹ́ ahọ́n sọ̀rọ̀ rárá. Ó sọ fún mi pé ọbẹ̀ mi ta jù, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tó yá, ojú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ní kò sí gíláàsì tó lè ràn án lọ́wọ́ mọ́. Ọmọbìnrin ẹ̀ fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka ìwé sókè ránṣẹ́ láti Holland. Mo rò pé inú ẹ̀ á dùn, torí ohun tó ń kà nínú ìwé látijọ́ ló wá bá a nílé yìí. Rárá o! Ó ní ohùn náà dà bíi ti ẹni tó ń kéde ọkọ̀ ojú irin. Ó ní ìwé tí òun ti kà tó gẹ́ẹ́. Ó kó gbogbo wọn sínú àpótí, ó ní kí n bá òun gbé wọn lọ ta ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ lọ́rẹ. Mo mọ̀ pé bí ìwé bá lọ, kò ní sí ohun tó máa gbé bàbá yìí dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí èmi náà gbọ́ ọ̀kan kí wọ́n tó lọ."

Ó kùn, ó fi ìwé kan sídìí ẹ̀rọ, ó tẹ bọ́tìnnì, ìtàn sì bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan fi ọkọ̀ òfúrufú balẹ̀ sí ibùdó kan lórí òṣùpá. Ilẹ̀kùn ṣí fúnra ẹ̀. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, àmọ́ oúnjẹ gbígbóná wà lórí tábìlì.

Nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bí ìyá àgbà bá ń pa ìtàn tí a ò fọhùn, á ní ká lọ sùn. Kí n tó mọ̀, mo ti ń dá ẹ̀rọ lóhùn. "Hẹ̀n-ẹ́n! Oúnjẹ ta ni? Má jẹ ẹ́ o!" Obìnrin náà gbé ṣíbí. "Yéè! Ọlọ́júkòkòrò! Ṣé wọn ò kọ́ ẹ nílé ni?"

"O ò lè dákẹ́ ni?" Uncle jágbe mọ́ mi. "Kò sí májèlé níbẹ̀. Àlejò ló ń wu ibùdó yẹn."

"Irọ́ ni! Wọ́n fẹ́ pa á ni."

Ó dìde jókòó dáadáa, ó ń ju ọwọ́. A jiyàn títí ìtàn fi kọjá wa, ó sì ní láti dá ẹ̀rọ padà sẹ́yìn. Òun ló jàre. Inú bí mi díẹ̀.

Nígbà tí ìtàn parí, ó pa ẹ̀rọ, ó kọjú sí ògiri. Mo rò pé mo ti mú un bínú, ni mo bá dìde lọ sídìí àpótí. "Uncle, èwo ni kí n kọ́kọ́ gbé?"

Ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀." Ó wá bojú wo ibi tó rò pé mo wà. "Ìyàwó mi náà máa ń pariwo bẹ́ẹ̀ tí mo bá ń kàwé fún un. Mo máa ń ní kó dákẹ́."